Kò Sí Èjí Nínú Ìwé

Mo ń dúró de aṣọ mi ní ṣọ́ọ̀bù téló kan ní Ẹgbẹ́dá nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n wá gba kóòtù funfun tí ọmọ náà máa wọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà eyín. Ọmọ náà ń fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ọṣẹ.

"Wọ́n ní tá a bá wọlé, ọṣẹ la máa kọ́kọ́ gbẹ́ bí eyín, kó tó kan ẹnu èèyàn. Mo ti ń fi dánra wò. Ẹ wo eyín iwájú méjèèjì, Màmá."

"Ó dáa o. Èjí ńkọ́?"

"Kò sí èjí nínú ìwé, Màmá."

"Ìwé yẹn ò mọ̀ mí nìyẹn. Èjí mi ni bàbá àgbà ẹ rí tó fi gbàgbé ibi tó ń lọ. Gbogbo eyín ọ̀hún ti lọ tán, àárò wọn ò sì sọ mí. Àlàfo àárín wọn yẹn ni àárò ẹ̀ ń sọ mí."

Ọmọ náà gbójú sókè kúrò lára ọṣẹ.

"Ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i."

"Kí lo fẹ́ rí lẹ́nu tó ṣófo?"

"Ẹ ṣá rẹ́rìn-ín, Màmá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la àárín eyín ọṣẹ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí èèyàn ń sùn sí.