Fóònù Abẹ́ Ìrọ̀rí Màmá

Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi, torí bí n ò bá sọ ọ́ lónìí, ó máa pa mí! Apànìyàn ni Rachael pè mí. Èmi Japheth! Nínú pálọ̀ èmi fúnra mi, ní Jabi l'Abuja níbí, lójú gbogbo ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí mi, ó ní èmi ni mo pa Màmá. Kai! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àbúrò Màmá gan-an, ẹ kàn ń wolẹ̀ ni!

Ta ló tọ́jú Màmá fún odidi ọdún méjì? Rachael wà l'Ékòó, kò ju kó pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á ní "ẹ kú ìtọ́jú o", kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́: kí ló dé tí Màmá rù, ta ni ò fún un lóògùn. Èmi ni mò ń gbé e lọ gbàtọ́jú ní Gwagwalada, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Nígbà tí Màmá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò lọ sọ́sibítù mọ́, kí n jẹ́ kí òun sinmi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo mọ̀ pé orí mi ni wọ́n máa di gbogbo ẹ̀bi lé.

Ẹ ṣáà rántí ọdún 2014, tí ọkùnrin ọ́fíìsì wa yẹn purọ́ mọ́ mi, tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Fóònù ló yọ mí! Mo ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, mo gbé e fún ọ̀gá, ó gbọ́. Látìgbà yẹn, n kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ gidi kí fóònù mi má máa gbà á. Abuja ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí Màmá lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó tún ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju ìyẹn lọ, mo fi Ọlọ́run búra!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá dákẹ́. Òmùgọ̀ sì ni mí, Àǹtí, n ò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí fóònù gbà kí n tó gbé e fún wọn! Bí Rachael ṣe pariwo lánàá, ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ fóònù, mo ní kí wọ́n gbọ́ ohùn Màmá. Kí ni wọ́n gbọ́? "Japheth, omi." Èmi ń dáhùn pé, "Ẹ sọ ọ́ ná, Màmá." "Omi, ọmọ mi." "Ẹ sọ ọ́ kó yéni, n ò fẹ́ wàhálà." "Omi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ omi! Bó ṣe sọ ohun tí mo fẹ́ tán, mo pa fóònù. Ibẹ̀ ló parí sí. Rachael gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ránṣẹ́ sórí wáásáàpù ẹbí, wọ́n ti gbọ́ ọ dé ilé ní Kabba, ìyàwó mi ò wojú mi látàárọ̀.

Ṣùgbọ́n mo bu omi! Mo sáré wọ kíṣìnì, ẹ̀yin lẹ̀ ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀, ẹ rí ife lọ́wọ́ mi! Kí lẹ ń mirí sí? Ẹ ní kí ni? Pé ife náà ṣì kún nígbà tẹ́ ẹ wọlé tọ̀ ọ́? Ó ti sùn ni! Ó ti sùn kí n tó padà dé, n ò fẹ́ jí i, mo gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ṣé èmi ni mo ní kó má jí mọ́ ni?

N ò ní kẹ́ ẹ gbèjà mi. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ sọ, pé mo bu omi, kí Rachael gbọ́, kí gbogbo Kabba gbọ́. Ẹ má sunkún, Àǹtí, ẹkún ò ní jẹ́ kí ohùn yín já gaara. Kí lẹ ń wò lápò mi? Bẹ́ẹ̀ ni, fóònù mi ti ń gbà á látìgbà tẹ́ ẹ ti jókòó. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sọ̀rọ̀.