Obìnrin Tó Ń Gún Ọkọ Mi Lábẹ́rẹ́

Ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láì lo awò, Borokiri ni à ń gbé, ní Pọtakọ́tì, lẹ́bàá omi. Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ Tọ́lá, sún mọ́ mi, nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní dókítà sọ fún ọkọ rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó ní àtọ̀gbẹ, o sì ti ń sunkún láti ìgbà náà. Ó dáa. Ẹkún kò burú. Ṣùgbọ́n o ò tíì mọ ohun tí ò ń sunkún sí.

Àìsàn yẹn kọ́ ni ìṣòro, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ni.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín... Ẹ máa rín in lọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Akọ̀wé ni bàbá yín àgbà ní wáàfù. Èmi ń ránṣọ. Máṣìnnì mi wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ wáàfù ló ń kó aṣọ wá. A ti bí Bọ́lá, bàbá Tọ́lá yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ó ku ọdún díẹ̀ kí wọ́n fún wa lómìnira. Ni ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí rù. Mo fún ṣòkòtò rẹ̀ ní ìbàdí, ó ń bọ́. Mo tún un fún, ó tún ń bọ́. Ó ń mu omi bí ẹni tí wọ́n rán wá gbẹ àmù wa. Eèrà wá ń tò lọ sẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń tọ̀.

Kí lẹ rò pé mo rò? Mo rò pé obìnrin ni. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ta ni?"

Ó ní, "Ta ni ta ni?"

Mo ní, "Ẹni tó ń mú yín rù."

Nígbà tí dókítà wá sọ pé ṣúgà ló wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣúgà ni! Kì í ṣe obìnrin. N kò mọ̀ pé obìnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn, lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú báàgì.

Sísítà Ibinabo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Kálàbárì ni, òpópónà kan náà là ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní ọsibítù. Dókítà ní kó máa yà lọ́dọ̀ wa láràárọ̀, bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, kó máa gún ọkọ mi lábẹ́rẹ́. Aṣọ funfun rẹ̀ yẹn, èmi tí mo ń ránṣọ, mo wá ibi tó ti hunjọ lára rẹ̀ títí, n kò rí. Ìbàdí rẹ̀ pàápàá bá aṣọ náà mu. Irú èyí kì í dùn mọ́ àwa télọ̀.

Bí agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti dún, bàbá yín àgbà ti wẹ̀, ó ti pa àtíkè, ó ti ya irun rẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ní itan! Ṣé itan ń wo irun ni?

"Good morning, madam. Oga don wake?"

Màá fi Yorùbá dá a lóhùn, nítorí kò gbọ́ ọ: "Láti àná ló ti jí, ó ń dúró dè ọ́." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Thank you, madam."

Lóde òní, ẹ ó gún ìka ní ṣín, ẹ̀rọ kékeré á sọ iye ṣúgà fún yín. Nígbà tiwa, ìtọ̀ la máa ń sè. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Wọ́n á da ìtọ̀ díẹ̀ sínú oògùn aláwọ̀ búlúù nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e sórí iná. Bó bá dúró ní búlúù, ara le. Bó bá pọ́n bí bíríkì, wàhálà dé. Sísítà á mú ìgò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á máa yí i, á máa wò ó bí ẹni ń wo wúrà. Ìtọ̀ ọkọ mi! Èmi ìyàwó tó fi òrùka sí lọ́wọ́, wọn ò fún mi ní ìtọ̀ rẹ̀ wò rí.

Èyí tó wá burú jù ni ti oúnjẹ. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn mí lọ sílé ọkọ: "Àbẹ̀kẹ́, bí oúnjẹ bá kù sínú àwo ọkọ rẹ, o ṣe dáadáa. Bó bá fi ìka nu àwo, o ti dójú tì mí." Sísítà wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá ẹ̀bà lórí tábìlì, ó pariwo: "Madam! Na mountain be this? You wan kill am?" Ó gba agolo mílíìkì lọ́wọ́ Bọ́lá tó ń fi ṣeré, ó ní inú rẹ̀ ni kí n ti máa wọn gàrí. Agolo kan, ó tán. Nínú ilé ìdáná mi. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń fi ìka nu àwo. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti ọ̀run.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, fara balẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń gún mi."

Mo ní, "Mo mọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ pariwo. Ní báyìí, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ wo ló ń pani lẹ́rìn-ín?"

Ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó máa gún un. Ṣé abẹ́rẹ́ kọ́ ni mo fi ń jẹun ni? Mo sọ fún Sísítà. Kò bínú o. Èyí tún bí mi nínú sí i. Ó ní, "Ah, madam, you be tailor, you go sabi am quick." Ó mú ọsàn wá, ó ní kí n fi kọ́ṣẹ́. Mo gún ọsàn náà. Mo fún un lórúkọ kan, mo tún un gún. Ọwọ́ mi mọ́ ọn kíákíá.

Ó wá kìlọ̀ fún mi. Ó ní bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ó ní, "If e begin sweat, begin shake, begin talk anyhow, give am sugar sharp-sharp. If you delay, e fit die." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e jẹ́ ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó jẹ indomi tán kẹ́ ẹ tó lọ gbà á. Ní ìjọ àwa Yorùbá ní Pọtakọ́tì, ẹni tó bá fẹ́ gbà á kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, ì báà ṣe omi. Nítorí náà, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìsìn ni Sísítà máa ń wá. Èmi ní, ṣé kó tún wá bá mi nílé? N ó ti ṣe é kó tó dé. Mo se abẹ́rẹ́ nínú omi kó lè mọ́, mo gún ọkọ mi láàárọ̀ kùtù, a wọ aṣọ, a lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó. Oúnjẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní ìpanu.

Àlùfáà ò tíì wàásù dé ìdajì tí mo rí òógùn lọ́rùn ọkọ mi. Ó ń gbọ̀n. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, kí ló dé?" Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó wá la ẹnu, ó pariwo. Ṣé "Jésù" ló pè? Ṣé "Àbẹ̀kẹ́" ni?

"Ibinabo!"

Àlùfáà dá ìwàásù dúró. Ìyá Ìjọ tó jókòó níwájú wa yí ọrùn rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ni Ibinabo?"

Mo ní, "Àbúrò rẹ̀ ni, mà." Ọmọ Ìjẹ̀bú, àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Ibinabo!

Ó tún pè é. Ó ń fi ọwọ́ lu àyà, ó ń lu àpò ẹ̀wù rẹ̀. Mo ní áà, ó ń fi hàn mí pé inú ọkàn òun ni obìnrin náà wà. Mo ní lónìí, n ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò náà. Háńkáṣíìfù ni. Háńkáṣíìfù obìnrin, wọ́n fi òwú pupa ṣe òdòdó sí etí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí yẹn, mo wo ọ̀nà abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kò dọ́gba. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Mo tú u. Ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ṣúgà oníhóró, wọ́n dì í mọ́ra bí owó ọjà.

Ẹ gbọ́... N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó tí mo mú un lọ́wọ́. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Kí n fi ṣúgà obìnrin yẹn sí ọkọ mi lẹ́nu, níwájú Ìyá Ìjọ? Ojú rẹ̀ ti ń yí. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù bí ẹja. Bí mo bá pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ obìnrin, n ó lọ gbà á padà. Ta ni n ó lọ bá jà bí ó bá kú?

Mo la ẹnu rẹ̀, mo fi ṣúgà sí i.

Ìyá Ìjọ pariwo: "Háà! Kò tíì gba Oúnjẹ!"

Mo ní, "Ìyá, bó bá kú ńkọ́? Ṣé ẹ ó gbé e lọ bá a nínú sàréè ni?" Mo tún fi òmíràn sí i, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rún un. Ó rún un. Ó rún un títí, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò yíká.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tí wọ́n ń wò wá?"

Mo ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí tán ni."

A délé, a bá Sísítà lẹ́nu ọ̀nà. Mo na háńkáṣíìfù sí i. "Na you give am?"

"Yes, madam. I dey give all my sugar people. Make ant no enter the sugar." Gbogbo aláìsàn rẹ̀ pátá ló fún. Títí dòní, n kò mọ èyí tó dùn mí jù: pé ó fún ọkọ mi, àbí pé kò fún ọkọ mi nìkan.

Mo fọ háńkáṣíìfù náà. Mo tú òdòdó rẹ̀, mo tún un ṣe bó ṣe yẹ kó rí, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà. Kó lè mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo ẹ̀wù ọkọ mi jáde, mo rán àpò kékeré sí abẹ́ aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpò ṣúgà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ló gún un, ọwọ́ mi ló wọn gàrí rẹ̀, èmi ni mo ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní ọwọ́ Ibinabo fúyẹ́ ju tèmi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò rọra gún un.

Nígbà tí ìlú dàrú, tí ogun abẹ́lé ń bọ̀, tí àwa Yorùbá ń dì lọ sílé, Sísítà wá bá wa ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gbé fúláàsì wá, ó ti kó oògùn sínú yìnyín fún ọkọ mi, kó má bàa bàjẹ́ lọ́nà. Ọkọ mi ń sunkún. Mo gbà á, mo dúpẹ́ tọkàntọkàn, mo sì dúró sí àárín àwọn méjèèjì títí ọkọ̀ fi gbéra.

Bàbá yín àgbà pẹ́ láyé. Ó rí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ. Nítorí náà, Tọ́lá, nu ojú rẹ. Kọ́ abẹ́rẹ́ náà. Gún un tán, fún un lóúnjẹ. Má dúró de ìsìn kankan. Lóde òní, ẹ̀yin ń fi ọkọ yín sílẹ̀ fún ẹ̀rọ àti fóònù... ẹ ò tilẹ̀ ń jowú mọ́. Ayé ti yí.

Àwọn méjèèjì ti wà lọ́run báyìí. Mo gbọ́ pé Sísítà náà ti kú. Èmi nìkan ló ṣẹ́ kù síbí. Ó máa ń dà mí láàmú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùfáà kà á sí wa létí lọ́jọ́ Ìsinmi pé kò sí àìsàn mọ́ lọ́hùn-ún. Èmi nìkan ni mo ṣe àmín sókè. Bí kò bá sí àìsàn, kí ni nọ́ọ̀sì ń wá lọ́dọ̀ ọkọ mi?