Ọ̀rá Ara Kọ̀ǹpútà

Níbi tí mo ti ń dúró de fọtokọ́pì ní Iléṣà, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n, akọ̀wé ìjọ kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá fún ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀.

"Tuntun ni o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tẹ ìwé ètò ìkórè ọ̀la, ó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó parí. Tí mo bá tún tàn án, kì í jí."

"Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ díẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Á jí. Á sì tún kú."

Ọmọbìnrin náà yí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá ṣì wà lára ẹ̀!"

"Kí n bọ́ ọ kí eruku bà á jẹ́? Ibi tí mò ń tẹ̀ nìkan ni mo gé. Àga pálọ̀ mi náà ṣì wà nínú tiẹ̀."

"Àga kì í gbóná, sà. Ẹ̀rọ yìí ò ṣàìsàn. Ẹ pọ́n ọn bí ẹ̀kọ ni, ooru ò ríbi jáde."

Ẹ pọ́n ọn bí ẹ̀kọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìwé tí mo wá gbà.

Ọmọbìnrin náà mú àlùmọ́gàjí láti gé ọ̀rá náà. Bàbá wò ó títí. "Ó dáa. Gé ti abẹ́. Má fọwọ́ kan ti ìdérí, ibẹ̀ làwọn àlàgbà máa rí."