Akòko Tí Mo Gbìn sí Amechi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè, bí mo ṣe máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó kọ ohunkóhun sára pátákó: kí ni ẹ ti mọ̀ nípa igi akòko? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò nawọ́ sókè. Ẹ ó ní ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí orí ẹni tó bá jẹ oyè. Ó dára, ẹ gbà á. Èmi náà mọ ìyẹn, mo sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìlú Enugu níbí. Mo mọ orúkọ tí ìwé ń pè é, mo mọ bí òdòdó rẹ̀ ṣe rí, mo mọ̀ pé bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò ta gbòǹgbò. Ohun tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀ ló jẹ́ kí aṣọ ìgbéyàwó mi wà nínú àpótí títí di òní, tí ọjọ́ tí a dá sì ti kọjá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú, láìjẹ́ pé àfẹ́sọ́nà mi kọ̀ mí.

N kò sunkún mọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní ẹsẹẹsẹ ni, kí ẹ̀yin náà bá mi wò ó.

Àdúgbò Achara Layout ni mo ń gbé. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, omi pupa a máa ti òkè wá, a sì máa kó gbogbo ohun tí a ti dà nù padà wá kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ní ọdún tó kọjá, gọ́tà iwájú ilé wa kún àkúnya. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo bí ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì àti ike oúnjẹ ṣe ń ṣàn kọjá, ni abọ́ ike kan bá léfòó dé. Àwòrán ọkọ àti ìyàwó wà lára rẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi láti inú ẹrẹ̀. Ẹnìkan ló ṣe ìgbéyàwó, tó pín abọ́ náà fún àlejò, àlejò náà lò ó títí ó fi là, ó sì jù ú nù. N kò mọ tọkọtaya náà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ojú tèmi àti ti Obinna kò ní léfòó nínú gọ́tà ẹnikẹ́ni.

Obinna ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Amechi ni, níbi tí ìlú Enugu ti ń fẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, ṣùgbọ́n ìgboro ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní Gariki, ní Enugu níbí náà. Nígbà tí mo sọ irú ìgbéyàwó tí mo fẹ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ìyàwó la fẹ́ gbé o, kì í ṣe ìdánwò la fẹ́ ṣe.” Ṣùgbọ́n ó gbà. A pinnu pé kò ní sí omi inú ọ̀rá. Inú kúlà ńláńlá ni omi yóò wà, a ó sì fọ ife. Inú ewé ni mọ́ínmọ́ín yóò wà, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni okpa, oúnjẹ àwọn Igbo tó fara jọ mọ́ínmọ́ín, yóò wà. Ìyá Obinna fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ra iná kí ó má baà ya. A ó san owó àwọn tó máa dáná kí wọ́n tó dá iná rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó dè wá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bọ́ọ̀sì kan ni yóò kó àwọn ará ilé ọkọ láti Gariki lọ sí ìlú wa, Ògbómọ̀ṣọ́, dípò kí mọ́tò máa tò tẹ̀lé ara wọn lásán. Aṣọ tí mo lè tún wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rán. Dípò ike tí a máa ń pín fún àlejò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ri ẹ̀ka akòko sínú agolo mílíìkì àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi.

Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, mo ti gbọ́ ti ewé, mo ti gbọ́ ti aṣọ. Kí wá ni àwọn ènìyàn yóò gbé relé?”

“Igi ni, Màámi.”

“Igi kẹ̀? Ṣé igi ni wọn yóò máa fi bu omi wẹ̀?”

“Wọn yóò gbìn ín ni, Màámi.”

“Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Ìbàdàn, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò gbìn ín sí?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní akòko ni, ohùn rẹ̀ yí padà. “Akòko. Ẹn-ẹ́n. Ìyẹn ní iyì.”

Ẹni kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ fi hàn yín, òun sì ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Papa Ejike ni, àbúrò bàbá Obinna, òun ni àgbà ilé wọn báyìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin kì í dá tọrọ ìyàwó. Ẹbí ló ń tọrọ fún un. Papa Ejike ni yóò ṣíwájú àwọn ènìyàn wọn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí òun kò bá sì dìde, ẹnikẹ́ni kò ní dìde. Láti ọjọ́ tí Obinna ti kọ́kọ́ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń pè mí ní “nwunye anyị,” èyí tí í ṣe “ìyàwó wa.” Ó fi ọbẹ̀ sí iwájú mi lọ́jọ́ náà, ó ní, “Nwunye anyị, wọ́n ní ata ni ẹ̀yin Yorùbá fi ń bọ́ ọmọ yín. Jẹ́ ká wò ó.” Mo jẹ ẹ́ tán, ó pàtẹ́wọ́.

Nítorí ìfẹ́ yẹn ni mo ṣe fẹ́ fún un ní akòko tirẹ̀ ṣáájú gbogbo àlejò. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un. Ní ọ̀sán Sátidé kan tí a gbọ́ pé ó lọ sí ìpàdé ẹbí, èmi àti Obinna gbé ẹ̀ka mẹ́rin tó ti ta gbòǹgbò lọ sí Amechi. Ilẹ̀ kékeré kan wà láàrin ilé Papa Ejike àti ìpìlẹ̀ ilé tí bàbá Obinna bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kú. N kò bèèrè ta ló ni ín. Koríko ni mo rí lórí rẹ̀. Mo ta okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní oko ilé-ìwé, kí igi mi lè tò gbọọrọ. Obinna ń di igi mú, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Inú mi ń dùn.

Okùn náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Papa Ejike sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó dúró. Ó wo igi àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó wò wọ́n títí dé ìkẹrin.

“Kí ni èyí?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ̀bùn ni, Papa. Igi oyè ni ní ilẹ̀ wa. A fẹ́ fi bu ọlá fún yín ni.”

“Okùn yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà jẹ oyè?”

Obinna ní, “Papa, ẹ má bínú, ogirisi lásán ni.”

“Ogirisi lásán!” Ó yí ojú sí i. “Bàbá rẹ kò tó ẹni tí í ri ogirisi síbí nígbà tó wà láyé. Ìwọ dúró kí n lọ sí ìpàdé, o lọ mú ọmọ ọlọ́mọ wá kí ó bá ọ rì í. O kò tíì gbé ìyàwó wọlé, o ti ń fi ìyàwó wọn ilẹ̀.”

Mo ní, “Papa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fà á tu.”

“Má fọwọ́ kàn án! Wọn kì í fa ogirisi tu bí ẹni ń fa ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá fà á ni yóò rojọ́ níwájú ẹbí.” Ó wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Tíṣà, ẹ máa lọ sílé.”

Tíṣà. Kò pè mí ní ìyàwó wa.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ẹ̀kọ́ náà wà. Igi kan náà ni akòko àti ogirisi. Ewé kan, òdòdó kan. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, orí ènìyàn ni ewé rẹ̀ ń lọ. Lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ ni igi rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ààlà ni wọ́n ń fi í pa, nítorí pé kì í kú bọ̀rọ̀, yóò sì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí nígbà tí àwọn tó gbìn ín kò bá sí mọ́. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ẹ mọ̀ wé e: pèrègún. Ẹ ronú pé ọmọbìnrin kan láti Enugu, tí ọmọ yín kò tíì gbé níyàwó, dé àgbàlá bàbá bàbá yín nígbà tí àwọn àgbà kò sí nílé, ó ta okùn, ó sì ri pèrègún mẹ́rin lọ gbọọrọ láàrin ilé bàbá yín àti ti àbúrò rẹ̀. Kí ni ẹ ó sọ? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé ẹ ó ní ó fẹ́ràn igi ni? Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ tún rántí pé ìlú ń sún mọ́ Amechi lójoojúmọ́, ilẹ̀ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí rẹ̀ lánàá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ lónìí. Bàbá Obinna àti Papa Ejike ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ilẹ̀ náà nígbà kan. Obinna gbọ́ ọ ní ọmọdé, ó rò pé ó ti tán. Ó mọ orúkọ ogirisi, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

A dé Gariki, a sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, o bi mí léèrè ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. O bi mí bí wọ́n ṣe ń ká a àti bí wọ́n ṣe ń dì í. Kí ló dé tí o kò bi mí léèrè igi?”

Ẹni tó fẹ́ ya ènìyàn lẹ́nu kì í bèèrè.

Papa Ejike ní òun kò ní lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní kété tí ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ẹbí, gbogbo ohun tí mo ṣe nítorí gọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀ mìíràn. Wọ́n ní a kò fẹ́ pín ike nítorí pé a ń tu owó jọ láti fi kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kan la fẹ́ lò kí àwọn àgbà má baà pọ̀ níbẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó dé, ó kọjá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi kí mi, wọ́n sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo dá nìkan lọ sí Amechi ní ọwọ́ òfìfo. Papa Ejike jókòó síta. Igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rú ewé tútù yọ̀yọ̀. N kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ yẹn, mo ti tọrọ rẹ̀ tó. Mo ní, “Papa, mo wá kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Kí ni ẹ̀yin ń fi ogirisi ṣe?”

Ó nawọ́ sí àga kan fún mi, mo jókòó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ààlà, ó sọ ti ibojì àwọn bàbá wọn, ó sọ ti èyí tí bàbá rẹ̀ gbìn tó ṣì wà láàyè. N kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Lọ́dọ̀ yín ńkọ́?” Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe ń fi ewé náà sí orí olóyè. Ó mi orí. “Ẹ̀yin gbé e lé orí, àwa rì í mọ́lẹ̀. O wá gbé fìlà wá, o sì rì í sínú ilẹ̀ mi.” Ẹ̀rín fẹ́ yọ ní ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

Kò ní òun yóò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, tí òjò ti ń ṣú bọ̀, ó ní, “Nwunye Obinna, rọra wo ilẹ̀. Ó ń yọ̀.”

Ìyàwó Obinna. Kò tíì pè mí ní ìyàwó wa padà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní tíṣà.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà di òní. Màámi ní kí a fi Amechi sílẹ̀, kí a wá ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Obinna ní kí a bẹ ìbátan mìíràn kí ó ṣíwájú wa. Èmi fẹ́ dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu Papa Ejike, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí yóò jáde, n kò sì kéré lọ́jọ́ orí mọ́. Àwọn akòko inú agolo ti ga dé orúnkún mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, èwo ni kí n ṣe?

Kí ẹ tó dá mi lóhùn, iṣẹ́ àmúrelé wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó tí kò ní ba ayíká jẹ́. Ẹ mú ohun kan nínú ohun tí ẹ fẹ́ lò, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe àwọ̀ aṣọ. Ẹ gbé e lọ bá àgbà kan ní ilé àna yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má sọ orúkọ tí ẹ̀yin ń pè é, ẹ má sì sọ ohun tó wù yín nípa rẹ̀. Ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ẹ bi í pé, “Kí ni ẹ̀yin ń fi èyí ṣe níbí?” Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́.