Òróró Tí Wọ́n Fi Pa Bíréèkì

Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn náà. Mi ò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ojú mi ríran ju ti ọ̀pọ̀ yín lọ. Ọlọ́run mọ ẹni tó fi ohun ńlá hàn.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní níbí. Ẹ̀gbọ́n mi Délé tó jókòó sápá òsì yẹn, ọ̀la ló fẹ́ gun ọ̀kadà ẹ̀ sá eré ìje lójú títì tuntun tí wọn ò tíì ṣí. Àdúrà ẹ̀ ni mo ń gbà tí mo fi sùn lọ.

Bí oorun ṣe gbé mi báyìí, bàbá àgbà kan aláṣọ funfun ní kí n tẹ̀ lé òun. Ìrìn ẹ̀ falẹ̀. Mo ní kí bàbá jẹ́ ká yára. Ó wò mí.

"Ìyára ló kó gbogbo ẹni tó o fẹ́ rí débí."

A dé ibì kan, títì yíká bí òrùka, iná lọ́tùn-ún, iná lósì, àwọn ọlọ́kadà ń sáré lórí ẹ̀, wọn ò lè dúró, wọ́n ń tẹ bíréèkì, kò mú, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, kò mú, kọ́nà ń bọ̀, wọ́n kọ lu ògiri, wọ́n dìde, wọ́n tún gùn ún, mo di aṣọ bàbá mú, èmi tí ẹ̀rù kì í bà.

Ọ̀kan gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì kọ́ ìgbọ̀nwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ń dán, kò ní ojú ọgbẹ́ kankan, orí ẹ̀ ló fọ́ bí igbá. Kí ló tiẹ̀ wà nínú orí náà tẹ́lẹ̀? Òmíràn mu paraga kó tó sáré, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣì ń sọ pé ojú òun dá. Òpùrọ́. Ọ̀gá kan tó máa ń ṣètò ìje wà ńbẹ̀, òun ló ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n dúró sí kọ́nà kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n ti so òun náà mọ́ kọ́nà. Orí ẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Gbogbo wọn ń pariwo pé ayé ló ṣe àwọn, pé ìyá àgbà kan nílé ni. Mo bi bàbá. Ó ní kò sí ìyá àgbà kankan nínú ẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni.

Ó mú mi dé ibi tó tutù. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń gba atẹ́gùn. Asáré lòun náà nígbà ayé ẹ̀. Ojo ni wọ́n ń pè é, torí pé ó máa ń yẹ táyà àti bíréèkì wò kó tó gùn ún. Ipò kejì ló sábà máa ń gbà. Ó darúgbó kó tó kú, lórí ibùsùn ẹ̀. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ké pè é látorí títì yẹn pé kó bu omi fáwọn.

Bá a ṣe ń padà, mo rí ọ̀kadà búlúù kan létí iná, ó ń dún, kò sẹ́ni lórí ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Òróró ń kán lára irin bíréèkì ẹ̀. Ẹ̀yin ará, òróró àdúrà tá a gbà níbí ni! Délé fi pa táyà, ó fi pa bíréèkì, kí áńgẹ́lì lè bá a dì í mú. Gbogbo ẹ̀yin asáré ìjọ yìí lẹ̀ ń ṣe é. Mo bẹ bàbá pé kó gba ẹ̀gbọ́n mi là.

"Ẹ̀ ń fi òróró sí ibi tó yẹ kó gbẹ," ló wí. "Tó bá yọ̀, ẹ ó ní Ọlọ́run ò gbọ́."

Mo ta gìrì jí. Mo sọ fún Délé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tí o ò lè gun kẹ̀kẹ́?" Irọ́ ni, mo lè gùn ún.

Ẹ̀yin asáré, orí lẹ máa fi òróró pa, ẹ fi ọṣẹ fọ bíréèkì. Ẹni tí ò bá gbọ́, títì yẹn ò tíì kún. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ tú àpò yín. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fọ bíréèkì yẹn níwájú ìjọ, kí n fọwọ́ kàn án pé ó ti gbẹ, n ó fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fipá gbà á, ẹ wá mú mi. Ẹsẹ̀ mi yá ju ọ̀kadà tí ò ní kọ́kọ́rọ́ lọ.