Kì í Ṣe Election, Elective Ni

Ọlọ́run tó fún mi ní ohùn lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bọ́sẹ̀ tó máa ń dúró sẹ́yìn pátápátá nínú kúáyà, tí ọ̀gá kúáyà máa ń sọ fún pé, "Bọ́sẹ̀, gbé ohùn sókè, Ọlọ́run nìkan ló ń gbọ́ ẹ." Lónìí, mi ò ní rọra sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn. Méjèèjì ni mo gbé wá síwájú pẹpẹ.

JSS 2 ni mo kàwé dé. Ọdún yẹn ni bàbá mi kú, tí àwọn àbúrò rẹ̀ lé ìyá mi jáde nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́ ní Magboro. Wọ́n ní ọmọbìnrin nìkan ló bí. Ìyá mi fi oyún pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ilé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn obìnrin ní Ibafo, mo sáré lọ. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà: ìlera wa, òwò wa, ìtàn àwọn obìnrin ayé àtijọ́, wọ́n lù ú pọ̀, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa. Lẹ́yìn èyí tó pọn dandan fún gbogbo wa, kálukú á tún yan ẹyọ kan tó wù ú. Èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn yẹn ni wọ́n ń pè ní elective. Àwọn kan yan kéèkì, àwọn kan yan ìtọ́jú ọmọ. Èmi yan òfin ìgbéyàwó àti ogún. Kò sẹ́ni tó tì mí.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, Sister Ronkẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò wá fi orin dánra wò. Mo rọra dá a lóhùn bí ìṣe mi, pé elective ni mo lọ yàn ní Ibafo. Ó ní, "Hẹ̀ẹ́n! Ìwọ Bọ́sẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín lọ. Mi ò mọ̀ pé election ló gbọ́.

Ẹ̀yin ará! Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ń du kánsẹ́lọ̀ ní gbogbo Mowe. Nígbà tí ìròyìn yẹn fi máa dé Magboro, mo ti ní tọ́ọ̀gì. Nígbà tó dé Ifo, lọ́dọ̀ ìyá Brother Gbénga tó fẹ́ fẹ́ mi, wọ́n ní àwọn ti rí pósítà mi. Pósítà! Èmi tí mi ò ní fọ́tò kan tí mo gbójú sókè nínú rẹ̀! Gbénga gbọ́, kò bi mí. Ẹnì kankan nínú yín ò bi mí. Ẹ ń pè mí ní "Honourable" lẹ́nu ọ̀nà ibí yìí, ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Gbénga bá wá láti Ifo, wọ́n lọ bá Mummy Ṣadé, olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa. Wọ́n pè mí sí yàrá àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, kí n tó dìde, ọwọ́ ti kún orí mi. "Ẹ̀mí òṣèlú, jáde! Tú u sílẹ̀!" Wọ́n ń tì mí kí n ṣubú. Mi ò ṣubú. Inú bí mi débi pé gbogbo ara mi ń gbọ̀n, wọ́n rò pé ẹ̀mí náà ló ń jáde lọ. Mo gbàdúrà nínú ikùn mi pé, Baba, ẹnu mi ni kí O tú.

Ó sì tú u! Mo pariwo, "Mi ò du ìbò kankan! Elective ni! Kíláàsì ni!"

Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lórí mi. Mummy Ṣadé ní, "Kíláàsì kí ni?" Mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n á bẹ̀ mí.

Ìyá Gbénga ní, "Òfin ogún? Hà! Ìbò yẹn gan-an sàn."

Mummy Ṣadé ní, "Bọ́sẹ̀, ọmọ mi, lọ yí i padà. Mú kéèkì. Ta ló fẹ́ fi lọ́yà ṣe ìyàwó ilé?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ọjọ́ tí wọ́n lé ìyá mi jáde ní Magboro, ta ló gbọ́wọ́ lé àwọn tó lé e lórí? Ẹ̀mí wo lẹ lé jáde lára wọn? Mi ò ní yí i padà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ṣé èmi ni mo sọ ìyẹn?

Ìyá Gbénga bínú lọ, wọn ò mu omi tí mo gbé fún wọn. Mo gbà pé ìgbéyàwó ti tán nìyẹn. Mo sunkún, mo gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń lọ sí kíláàsì mi. Àfi bí Gbénga ṣe pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, Mummy ní kí n bi ẹ́. Tí Daddy bá lọ ṣáájú, ṣé ìyàwó kejì ní ẹ̀tọ́ nínú ilé?"

Ìyá rẹ̀ ni ìyàwó kejì. Mo ti gbàṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó sọ èyí. Àwọn náà ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Mo ní kó sọ fún wọn pé a ò tíì dé ibẹ̀ ní kíláàsì. Tá a bá dé ibẹ̀, màá wá sí Ifo fúnra mi wá jíṣẹ́. Ní ti Gbénga, ó ń bẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ẹ ní kí Ọlọ́run tú mi sílẹ̀, Ó gbọ́, Ó sì mọ ohun tí Ó máa tú. Ẹ bá mi gbé E ga! Sister Ronkẹ́, má wolẹ̀, dìde kó o bá mi jó. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé irọ́ yẹn dé Ifo, ẹ gbé òótọ́ yìí náà débẹ̀: elective ni, mo sì ti yàn án!