Gọ́ọ̀mù Múfú àti Ọkọ̀ Ìyàwó Mi

Mo ń fojú ẹ̀gbin wo àbúrò ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ọ̀fọ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú. Ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀. Sìdíkátù ìyàwó mi ti lọ, ilé ti tutù, mo sì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ẹnìkan ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ kọ́ ló ń mú mi payín keke. Múfú ni. Tó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi ní mọ́ṣáláṣí níwájú gbogbo ayé, tó ń pè mí ní Bọ̀dá mi dáadáa, ó ń ṣe mí bíi kí n máa rìn lọ kí n má dáhùn. N kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni mo máa sọ ọ́ fún, nítorí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ kò sì mọ ìyá rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mí ní Peckham, nílùú òyìnbó, lábẹ́ afárá rélùwéè. Sìdíkátù ní ọkọ̀ fáànù oníjókòó púpọ̀ kan. Ó fi ń gbé àwọn ìyá àgbà tí orúnkún wọn kò gbé wọn dé ibùdókọ̀. Ní Jímọ̀, ó ń gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní ọjọ́ mìíràn, ó ń gbé wọn lọ rí dókítà. Nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, tí ojú rẹ̀ ti wú, kò bá mi sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Olówó orí mi, àwọn ìyá mi o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà sórí ẹsẹ̀." Mo ní wọn kò ní padà. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn kó tó kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín, kí fìdáù ọjọ́ kẹjọ tó pé, mo rí ọ́ìlì lábẹ́ ọkọ̀ náà, ní ẹ̀yìn. Irú ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í ni. Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ohun kan wà bí ìkòkò irin, dífù là ń pè é. Àwọn jíà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yí nínú ọ́ìlì kan tó ki, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Irin pẹlẹbẹ ni ìdérí rẹ̀, bọ́lútì sì yí i ká. Láàárín ìdérí àti ìkòkò, nǹkan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní jẹ́ kí ọ́ìlì jò. O lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì sí i, ìyẹn pépà líle tí wọ́n gé bá ojú ìdérí náà mu. O sì lè fi gọ́ọ̀mù inú túùbù yí i ká. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Tí ìdérí bá gún régé, tí ọkọ̀ sì ní láti jáde lójú ẹsẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí o lò, nítorí tí o bá ti di bọ́lútì tán, o lè da ọ́ìlì kí o sì máa lọ. Tí ìdérí bá ti tẹ̀, gọ́ọ̀mù ló máa dí àlàfo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sùn kí gọ́ọ̀mù náà lè gan kí o tó da ọ́ìlì lé e. Èyíkéyìí tí o bá mú, kọ́kọ́ ha ti àtijọ́ kúrò, kí o nu ojú irin títí kò fi sí ọ̀rá lára rẹ̀ mọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí le? Ọmọdé lè lóye rẹ̀.

Ìdérí ti Sìdíkátù gún. Ọkọ̀ náà sì níṣẹ́ nílẹ̀: ó máa kó oúnjẹ, ó máa lọ pàdé àwọn ẹbí ní pápákọ̀ òfuurufú, ó máa gbé àwọn ìyá lọ sí fìdáù ní Deptford. Mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́, mo sì sọ fún Múfú, tó ń bá mi ṣiṣẹ́, pé kó tú ìdérí náà kó sì dí i dáadáa, nítorí àwọn tó ń kí mi kú ara fẹ́ra kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n jáde nílé.

Ó ní, "Bọ̀dá, gásíkẹ́ẹ̀tì ti di ti ayé àwọn bàbá wa o. Gọ́ọ̀mù ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Mo wò ó lórí fóònù."

Mo ní, "Fóònù yẹn, ṣé ó ha irin rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ jókòó ti àwọn àlejò yín jàre. Ẹ fi sí mi lọ́wọ́."

Mo fi sí i lọ́wọ́. Kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe? Kò ha nǹkan kan. Ó rí i pé gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ irin, pé ẹni tó bá fẹ́ fi tuntun sí i máa kúnlẹ̀ pẹ́, ni ó bá fún gọ́ọ̀mù lé gbogbo rẹ̀ lórí, lórí pépà, lórí ọ̀rá, bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ó dì í, ó da ọ́ìlì sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì wà á lọ pàdé àwọn ẹbí. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, ọ́ìlì ń kán lójú ọ̀nà, òun ń gbọ́ orin.

Lọ́jọ́ fìdáù, ní Old Kent Road, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké títí, ó rú èéfín, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Ọkọ̀ kún fún àwọn ìyá àgbà, kúlà ìrẹsì wà ní ẹsẹ̀ wọn. A sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú òtútù. Ẹlòmíràn ló wá fi ọkọ̀ kó wọn dé gbọ̀ngàn.

Mo rò pé Múfú máa fi ara pamọ́. Ha! Kí Ààfáà tó parí àdúrà, ó ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló pe ọkọ̀ rẹ̀! Ẹ gbọ́ bó ṣe sunkún lójú ọ̀nà! Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wà òun mọ́!" Ó bú sẹ́kún. Gbogbo ilé bú sẹ́kún tẹ̀ lé e. Ẹkún wo? Jíà tó ń jẹ ara rẹ̀ láìsí ọ́ìlì ni wọ́n ń pè ní ẹkún! Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹnìkan sì na fóònù sókè níwájú mi, Màmá wà nínú rẹ̀, ìyá Sìdíkátù, ní Ìwó. Wọn kò fún un ní físà láti wá sin ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti tú ọ̀fọ̀ náà fún un, obìnrin yìí kò sùn, kò jẹun. Mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ọmọ mi kò dá lọ. Ó mú nǹkan rẹ̀ dání. Alhamdulillah." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo jókòó padà. Àwọn ará Ìwó sọ pé ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, pé ó ti ń jẹun.

Mo tú ìdérí náà fúnra mi. Gọ́ọ̀mù ti já bọ́ sínú jíà bí ìndómì, gásíkẹ́ẹ̀tì mi ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí tábìlì. Mo pe Múfú, mo ní kó wò ó.

Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ṣé Ọlọ́run ló di bọ́lútì?"

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé inú Màmá ti dùn. Ṣé ẹ fẹ́ bà á jẹ́ ni?"

Ẹ gbọ́ ọmọ náà! Ó ba ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́, ó sì fi ìyá ara rẹ̀ ṣe ibi ìsápamọ́. Mo lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo wá dífù àlòkù, mo gbé e sí i. Ẹnu ìdérí tó bá a wá ti tẹ̀ díẹ̀, nítorí náà gọ́ọ̀mù ni mo lò. Bẹ́ẹ̀ ni, gọ́ọ̀mù. Mo ha irin náà títí ó fi ń dán, mo fà á yí ká, mo jẹ́ kó sùn kó jí kí n tó da ọ́ìlì. Kò kán ẹ̀kán kan títí di òní.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, mo wà á lọ sí àwọn ilé Aylesbury nítòsí Walworth Road, níbi tí Sìdíkátù ti máa ń kọ́kọ́ gbé Ìyá Àlájà. Ó ti dàgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo fọn fèrè. Ó jáde, ó kí mi dáadáa, ó wo ọkọ̀, kò sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ọkọ Sìdí, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ tí òkú ti mú lọ, a kì í bá a wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ìyá, mo ti tún un ṣe."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ yín dára. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ nígbà tó ń ké."

Ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, pẹ̀lú orúnkún yẹn, nínú òjò wínníwínní. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tí mo ṣí sílẹ̀ fún un. Ilé gbogbo tí mo dé lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Láti ìgbà náà, àwọn ìjókòó ẹ̀yìn kò tíì rí ẹni jókòó.

Tí mo bá dìde ní mọ́ṣáláṣí kí n fi gásíkẹ́ẹ̀tì inú náílọ́ọ̀nù yẹn hàn wọ́n, kí n sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ló pa ọkọ̀, kì í ṣe òkú, wọ́n á gbà mí gbọ́, wọ́n á sì tún máa wọ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn tó tú ká, ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ìwó. Kí Múfú tẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ó yẹ kó tẹ́. Ọ̀rọ̀ Màmá ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyàwó rí, tàbí tí ẹ ti sin ọmọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá kan ń rí oorun sùn nítorí irọ́ yìí. Àwọn ìyá tí mo ṣèlérí pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n padà sórí ẹsẹ̀ ń rìn nínú òjò nítorí irọ́ kan náà. Èwo nínú wọn ni kí n jẹ́ kó jìyà?